Purotéènì Omi Ọmú Tí Kò Ti Ọmú Wá: Ta Ni Ìyá, Kí Sì Ni Ẹ̀tọ́ Rẹ̀?

Ìfáárà

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn láti inú ẹ̀jẹ̀ dídì, tí Ó sì pèsè oúnjẹ rẹ̀ sí àyà ìyá rẹ̀ kí ó tó la ojú sáyé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, ọmọ òrukàn tí obìnrin mìíràn fún lọ́mú, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Nínú ẹ̀rọ amóhuntutù àwọn yàrá ìwádìí ìjìnlẹ̀ kan ní ayé òde òní, a lè rí ìgò kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Lúbúlúbú funfun díẹ̀ ni ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí èémí ẹnu lásán lè fẹ́ dànù. Lára ìgò náà ni a kọ ọ́ sí pé purotéènì inú ọ̀rá omi ọmú ènìyàn ni, àti pé fún ìwádìí nìkan ni a ṣe é. A kò fún ọmú obìnrin kankan kí ohun yìí tó wà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ níbẹ̀ tí Mùsùlùmí tí ó bá gbé ìgò náà lọ́wọ́ kò lè fojú fò: omi ọmú ènìyàn. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, omi ọmú ènìyàn ju oúnjẹ lásán lọ. Ó ń sọ àlejò di ọmọ, ó ń sọ ọmọ àjèjì méjì di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ó sì ń sọ ìgbéyàwó tí ì bá jẹ́ ẹ̀tọ́ di èèwọ̀ títí láé.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ohun tí ó jọ omi ọmú dé inú egungun rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ti ọmú wá, lè bí ìbátan? Bí kò bá lè bí i, ǹjẹ́ ó wá túmọ̀ sí pé kò sí ẹnì kankan tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ni?

Irú ohun tí purotéènì náà jẹ́

Ìdájọ́ lórí ohun kan ẹ̀ka ni, mímọ ohun náà dájú ni gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀rá inú omi ọmú kì í léfòó lásán bí epo lórí omi. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì inú ọmú bá ti ṣe ìṣù ọ̀rá wẹ́wẹ́ tán, ìṣù náà yóò ti ara rẹ̀ jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ó sì ti ń jáde ni yóò máa fa awọ ara sẹ́ẹ̀lì náà bora. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀kán ọ̀rá kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ọwọ́ ń gbé mì ni ó wọ aṣọ tí a gé lára ìyá rẹ̀. Lára aṣọ yìí ni purotéènì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lactadherin wà. Orúkọ rẹ̀ kejì ni MFG-E8. Jíìnì tí ó gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ wà lórí kírómósóòmù kẹẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, ẹ̀wọ̀n amínò ásíìdì 387 ni jíìnì náà sì ń là sílẹ̀ fún un.

Purotéènì yìí ní ohun tí a lè pè ní ọwọ́ méjì. Ọwọ́ kan ń di sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú mú, ọwọ́ kejì ń di sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ mú, kí agbálẹ̀ náà lè gbé òkú mì kí ó má baà jẹrà sáàrin àwọn alààyè. Ní ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan fi ìdí iṣẹ́ yìí múlẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1998, ìwádìí kan tí a ṣe láàrin àwọn ọmọ ọwọ́ ní Mexico fi hàn pé àwọn ọmọ tí lactadherin pọ̀ nínú omi ọmú ìyá wọn kì í sábà ṣàìsàn bí kòkòrò rotavirus, tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, bá tilẹ̀ wọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ nìkan. Èérún kan lára purotéènì yìí, tí a ń pè ní medin, ni ó máa ń gbá jọ sí ara ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ti ọkàn jáde, lára ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ohun tí ó wà nínú omi ọmú ọmọ tuntun ni ó wà nínú iṣan arúgbó. Ìdí nìyí tí àwọn oníwádìí fi ń wá a.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà rí i. Èkíní ni kí a yọ ọ́ láti inú omi ọmú tí àwọn ìyá bá fi tọrẹ. Èkejì ni kí a ṣe àdàkọ jíìnì rẹ̀, kí a gbìn ín sínú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, bóyá bakitéríà, bóyá ìwúkàrà, bóyá sẹ́ẹ̀lì ẹranko tàbí ti ènìyàn tí a ń sìn nínú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì tí ó gba àlejò jíìnì yìí yóò máa ka àpẹẹrẹ tí ó wà nínú rẹ̀, yóò sì máa ṣe purotéènì náà. Lẹ́yìn èyí ni a óò yà á sọ́tọ̀, tí a óò fọ̀ ọ́ mọ́, tí a óò sì gbẹ ẹ́. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì mọ́. Òun ni a gbà ṣe ínsúlíìnì ènìyàn nínú bakitéríà ní ọdún 1978, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún títọ́jú àwọn alárùn àtọ̀gbẹ ní ọdún 1982. Àìmọye Mùsùlùmí ni ó ń gún un sára lójoojúmọ́ títí di òní, láìsí pé wọ́n béèrè ẹni tí ó ni ín. Omi ọmú ni ó mú kí ìbéèrè náà yàtọ̀ níhìn-ín.

Ìbátan ọmú nínú Sharíà

Sùúrà An-Nisáì, áyà 23, ka àwọn obìnrin tí ọkùnrin kò gbọdọ̀ fẹ́, ó sì ka ìyá tí ó fún ni lọ́mú àti arábìnrin tí a jọ mu ọmú kan náà mọ́ wọn. Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun ṣàlàyé pé àwọn tí ìbí sọ di èèwọ̀ fún ìgbéyàwó ni ọmú náà ń sọ di èèwọ̀. Sùúrà Al-Bákárà, áyà 233, fi ọdún méjì gbáko ṣe gbèdéke fún òbí tí ó bá fẹ́ kí ìfọ́mọlọ́mú pé.

Àwọn onímọ̀ fíkíhù ṣe ìyapa ẹnu lórí bí ó ti ṣe pọ̀ tó. Lójú Imam Malik, ẹni tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà rẹ̀, àti lójú Imam Abu Hanifa, ìwọ̀nba tí ó bá dé inú ọmọ, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan, ti tó láti di ìbátan. Lójú Imam Shafi'i àti gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Imam Ahmad, ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé bí a bá da omi ọmú sí ọmọ lẹ́nu, tàbí tí ó gba ihò imú dé ọ̀nà ọ̀fun, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n Al-Layth ọmọ Sa'd àti Ibn Hazm sọ pé àfi kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ mu ún láti ara ọmú. Pẹ̀lú gbogbo ìyapa wọ̀nyí, ohun mẹ́ta ni ẹnu ọ̀pọ̀ jùlọ wọn kò lórí: kí ó jẹ́ obìnrin, kí ó jẹ́ omi ọmú rẹ̀, kí ó sì wọ inú ọmọ kékeré tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì kọjá ààlà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Sàhábé kan, Uqba ọmọ Al-Harith, fẹ́ ọmọbìnrin Abu Ihab. Obìnrin kan wá, ó ní òun ti fún ọkọ àti ìyàwó lọ́mú ní kékeré wọn. Uqba ní òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, obìnrin náà kò sì sọ fún òun rí. Ó gun ẹran, ó ti Mákà lọ sí Mẹ̀dínà láti béèrè lọ́wọ́ Ànábì. Ànábì bi í léèrè bí yóò ti ṣe máa bá a gbé lẹ́yìn tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde. Uqba fi í sílẹ̀, obìnrin náà sì fẹ́ ọkọ mìíràn. Àwọn onímọ̀ kan kà á sí ìdájọ́, àwọn mìíràn kà á sí ìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin kan nípa omi ọmú ti tú ilé ká. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí, àfi kí ó rántí ìrìn àjò Uqba.

Ohun tó jọ ohun

Àwọn àgbà ní ohun tó jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Èyí gan-an ni ìpìlẹ̀ qiyás, èyíinì ni fífi ọ̀rọ̀ tuntun wé ọ̀rọ̀ tí ìdájọ́ ti wà fún tẹ́lẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a lè fi purotéènì yìí wé.

Èkíní ni wàrà ẹran. Bí ọmọ méjì bá jọ mu wàrà àgùntàn kan náà dàgbà, wọn kò di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, àgùntàn kò sì di ìyá wọn. Wàrà náà tọ́ wọn, ó mú egungun wọn le, síbẹ̀ kò sí ìbátan. Èyí fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bọ́ ọmọ ni ó ń bí i ní ìbí kejì.

Èkejì ni omi ọmú tí a lú mọ́ nǹkan mìíràn. Ibn al-Qasim, akẹ́kọ̀ọ́ Imam Malik, sọ pé bí oúnjẹ tàbí oògùn bá borí omi ọmú tí ó fi di pé kò sí mọ́ nínú àdàlú náà, ìbátan kò sí níbẹ̀. Àwọn mìíràn takò ó, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí a bá ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ purotéènì inú ìgò, kò sí ẹ̀kán omi ọmú kan tí ó borí tàbí tí a borí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti sí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni omi ọmú tí a sọ di wàràkàṣì. Àwọn ọmọlẹ́yìn Abu Hanifa ní kò bí ìbátan mọ́, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ti yí padà. Àwọn ọmọlẹ́yìn Shafi'i ní ó ṣì ń bí i, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tíì lọ. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù nínú ìpín yìí pàápàá ń béèrè pé kí ohun náà ti jẹ́ omi ọmú obìnrin kan nígbà kan rí. Purotéènì inú ìgò kò ní irú àná bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, yálà ojú ọ̀nà Malik ni a gbà tàbí ti ẹlòmíràn, purotéènì yìí kò bí ìbátan. A kò rí obìnrin, a kò rí omi ọmú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nínú yàrá ìwádìí, a kò rí ọmọ tí ó gbé e mì.

Àtakò kan àti ìdáhùn rẹ̀

Ẹnì kan lè sọ pé: ẹ̀wọ̀n amínò ásíìdì kan náà ni, ẹyọ kan kò yàtọ̀. Bí a bá gbé èyí tí ó ti ọmú wá àti èyí tí ó ti ìgò wá ka iwájú ọlọ́gbọ́n, ó lè má mọ ọ̀kan yàtọ̀. Báwo ni ohun kan náà yóò ṣe ní ìdájọ́ méjì?

Àtakò yìí lágbára, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀lé e dé òpin, yóò ṣubú lórí ara rẹ̀. Àpẹẹrẹ lactadherin wà nínú sẹ́ẹ̀lì gbogbo ènìyàn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìyàtọ̀ àárín ti ẹnì kan àti ti ẹnì kejì kò sì tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ àpẹẹrẹ ni ó ń sọ ènìyàn di ìyá, a jẹ́ pé gbogbo obìnrin ayé ni ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò sì ní sí ẹni tí ẹnikẹ́ni lè fẹ́ mọ́. Ìbátan tí ó kan gbogbo ayé bákan náà kò kan ẹnì kankan. Ohun tí Sharíà wò ni ọ̀nà tí ohun náà gbà: láti ara obìnrin kan tí ó ní orúkọ, sínú ara ọmọ kan tí ó ní orúkọ. Owó ogún àti owó olè lè jọ jẹ́ náírà kan náà tí ojú kò lè dá mọ̀, síbẹ̀ ìdájọ́ wọn kò papọ̀. Ibi tí nǹkan ti wá jẹ́ ara ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Ìdáhùn yìí ṣe pàtàkì ju inú yàrá ìwádìí lọ. Àwọn onímọ̀ ti gbin jíìnì ènìyàn sínú ìrẹsì kí ìrẹsì náà lè pèsè lactoferrin, tí òun náà jẹ́ purotéènì inú omi ọmú. Bí irú rẹ̀ bá wọ inú oúnjẹ ọmọ ọwọ́, àwọn òbí Mùsùlùmí yóò béèrè bóyá àwọn ọmọ tí ó jẹ ẹ́ ti di ẹbí. Ìdáhùn kan náà ni: wọn kò di ẹbí, bí àwọn tí ó jọ mu wàrà àgùntàn kò ti di ẹbí. Ohun tí ó kù láti yẹ̀ wò ni ìmọ́tótó rẹ̀, ewu tí ó lè wà nínú rẹ̀, àti òótọ́ ẹni tí ó ń tà á.

Ọ̀rọ̀ ilé ìpamọ́ omi ọmú yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀, omi ọmú àwọn obìnrin gidi ni a ń dà pọ̀ fún àwọn ọmọ gidi. Ní ọdún 1983, Sheikh Yusuf al-Qaradawi sọ pé kò sí ohun tí ó kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1985, Ìgbìmọ̀ Fíkíhù Àgbáyé tí ó wà ní Jeddah sọ pé kí a má ṣe dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ẹ̀rù tí ó ba ìgbìmọ̀ náà ni pé arákùnrin lè fẹ́ arábìnrin rẹ̀ láìmọ̀. Purotéènì inú ìgò kò gbé irú ẹ̀rù yìí wá. Ó tilẹ̀ gbé oore kan wá: ìgò omi ọmú tí oníwádìí kò bá nílò mọ́ lè dé ẹnu ọmọ tí ó ni ẹ̀tọ́ sí i.

Ẹ̀tọ́ ẹni tí a kò rí

Àmọ́ ṣá, sísọ pé kò sí ìyá kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó fi nǹkan sílẹ̀. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a ń lò jùlọ láti ṣe purotéènì ènìyàn ni èyí tí a ń pè ní HEK293. Inú kíndìnrín ọmọ inú oyún kan tí a kò bí sáyé ni ó ti wá. Ní ìlú Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands, ni a ti sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì tí ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró, ní ọdún 1973. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ayé. Ọmọ náà kò ní orúkọ nínú ìwé àwọn oníwádìí, kò sì ní ibojì tí a lè tọ́ka sí. Sùúrà Al-Isrá', áyà 70, sọ pé Ọlọ́hun ti bu ọlá fún àwọn ọmọ Ádámọ̀. Kò yọ ẹni tí a kò bí sáyé kúrò. Onímọ̀ lè dájọ́ pé lílo sẹ́ẹ̀lì náà tọ́ nítorí àǹfààní àwọn aláìsàn àti nítorí pé ohun tí a ń lò lónìí kì í ṣe ara ọmọ náà gan-an mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lò ó láìmọ̀ pé ìbéèrè wà níbẹ̀ ti pàdánù nǹkan kan, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ mọ́.

Àwọn onímọ̀ ìṣáájú mọ irú ìṣọ́ra yìí. Abu Hanifa kọ títa omi ọmú obìnrin, nítorí pé lójú rẹ̀, apá kan lára ènìyàn ni, ènìyàn kì í sì í ṣe ọjà. Malik àti Shafi'i gbà á láàyè, nítorí pé oúnjẹ mímọ́ tí ó ṣàǹfààní ni. Ìdájọ́ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbàgbé nínú wọn pé ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ewu tí ó wà nínú ìgò kékeré wa yìí ni pé ó rọrùn láti gbàgbé. Ọmú kò sí níbẹ̀ láti rán ni létí, bẹ́ẹ̀ ni igbe ọmọ kò sí níbẹ̀.

Kí ni ìdí tí Ọlọ́hun fi sọ omi ọmú di ìbátan? Àwọn onímọ̀ ní nítorí pé ó ń kọ́ ẹran-ara ọmọ, ó sì ń mú egungun rẹ̀ le. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wàrà àgùntàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé obìnrin kan bu nínú ara rẹ̀ fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, Ọlọ́hun kò sì jẹ́ kí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lọ lásán. Àwọn òǹkọ̀tàn ìgbésí ayé Ànábì gbà á wá pé lẹ́yìn ogun Hunayn, ní ọdún 630, obìnrin kan wà láàrin àwọn tí a kó lẹ́rú tí ó sọ pé arábìnrin Ànábì ni òun. Shayma ni, ọmọ Halima tí ó fún Ànábì lọ́mú. Nígbà tí ó dá a mọ̀, ó tẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀ sílẹ̀ fún un láti jókòó lé, ó sì jẹ́ kí ó yan èyí tí ó wù ú: kí ó dúró tàbí kí ó padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti já ọmú náà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ gbèsè ọmú kò tíì gbó.

Àgbálọgbábọ̀

Purotéènì ọ̀rá omi ọmú tí a ṣe nínú yàrá ìwádìí kò bí ìbátan, kò sọ ìgbéyàwó kankan di èèwọ̀, ìwádìí tí a ń fi í ṣe sì jẹ́ ẹ̀tọ́ níwọ̀n ìgbà tí ète rẹ̀ bá dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ òfin ìbátan kò bọ́ lọ́wọ́ ìwà ọmọlúàbí. Bí kò bá sí ìyá tí a óò tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún, ó ku kí a mọ ibi tí nǹkan ti wá, kí a kọ ọ́ sára ìgò ní òtítọ́, irú sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣe é àti orísun sẹ́ẹ̀lì náà, kí olùkọ́ sì sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lò ó. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìmọ̀ tí ó bá gbàgbé ẹni tí ó ti ara rẹ̀ jáde kò jìnnà sí odò bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.